Sáàmù Aago Méjì Òru

Fún oṣù mẹ́rìnlá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni aago fóònù mi máa ń dún lóru: aago mẹ́wàá, aago méjìlá, aago méjì, aago mẹ́rin. Kì í ṣe pé mo fẹ́ jí gbàdúrà o. Màámi ló wà lórí ibùsùn, tí wọn ò lè yí ara wọn padà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú gbogbo apá ọ̀tún ara wọn, ó sì ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ mi ní ìtọ́jú sọ fún mi pé bí ojú kan ara aláìsàn bá pẹ́ jù lórí ibùsùn, ẹ̀jẹ̀ ò ní máa dé ibẹ̀ dáadáa mọ́, awọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í di egbò. Nítorí náà, wákàtí méjì-méjì. Láti ẹ̀gbẹ́ òsì sí ẹ̀yìn, láti ẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ìrọ̀rí kan sáàárín orúnkún, ìrọ̀rí kan sẹ́yìn, òmíràn sábẹ́ ẹsẹ̀ kí gìgísẹ̀ má baà kan tìmùtìmù.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: mi ò wá sọ ìtàn bí mo ṣe yin Ọlọ́run tí Màámi fi dìde rìn. Wọn ò dìde. Bó bá jẹ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ ń wá, ẹ lè padà níbí, mi ò ní bínú. Ohun tí mo fẹ́ sọ kéré ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n òun ló gbé mi dé ìhín. Mo rí ìsinmi nínú ìjọsìn nígbà tí ohunkóhun ò tíì yí padà nínú ọ̀ràn tó wà nílẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti lò nínú ẹgbẹ́ akọrin kí àìsàn náà tó dé, mo sì wà lára àwọn tó máa ń dá orin. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà pé ṣé mo mọ ìjọsìn, ẹ̀rín ni màá fi dá a lóhùn. Mo mọ ohùn tó yẹ kí orin bẹ̀rẹ̀ sí. Mo mọ ìgbà tí ìlù gbọ́dọ̀ dákẹ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi orin kan ṣoṣo gbé odidi ìjọ dìde lórí ìjókòó. Iṣẹ́ ni, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà, àmọ́ tí mo bá délé lọ́jọ́ Àìkú, ó máa ń rẹ̀ mí bíi ti àwọn ọjọ́ yòókù. Kò wá sí mi lọ́kàn rí láti béèrè ìdí.

Nígbà tí Màámi dùbúlẹ̀, mo kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin láìdágbére. Lẹ́yìn bí oṣù kan, ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ wá wò wá. Wọ́n jókòó, wọ́n wo Màámi, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àbúrò mi, má jẹ́ kí ìyìn kúrò lẹ́nu ẹ o. Ìwọ náà kúkú mọ̀ ọ́n. Pọ́ọ̀lù àti Sílà kọrin, túbú ṣí."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, mà."

Mo gbìyànjú ẹ̀ lóòótọ́. Òru mẹ́ta gbáko ni mo fi kọrin lẹ́bàá ibùsùn yẹn. Mò ń kọrin, ojú mi wà lára ọwọ́ ọ̀tún Màámi, mò ń wò ó bóyá ìka kan á mì. Lóru kẹrin, mo dákẹ́. Ojú tì mí, nítorí mo ti rí ohun tí mò ń ṣe. Mo kó ìyìn sílẹ̀ bí owó, mo sì ń dúró de ṣéńjì.

Inú mi ru. Mo padà lọ ka ìtàn yẹn nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 16, bí ẹni tó fẹ́ lọ mú ẹlẹ́jọ́ mọ́ ẹnu. Ohun tí mo bá níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Wọ́n ti na àwọn ọkùnrin méjèèjì, wọ́n ti kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n kọrin láàárín òru, ilẹ̀ mì tìtì, ilẹ̀kùn ṣí, ìdè gbogbo wọn tú. Ibẹ̀ ni gbogbo oníwàásù tí mo ti gbọ́ máa ń dúró sí kí ìjọ lè hó. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin yìí ò jáde! Onítúbú fa idà yọ, ó fẹ́ pa ara rẹ̀, torí ó rò pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti sá lọ. Pọ́ọ̀lù ló ké sí i pé kó má pa ara rẹ̀ lára, gbogbo àwọn ṣì wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, wọ́n jókòó síbẹ̀. Ohun yòówù kí orin yẹn ṣe fún wọn, ó ti ṣe é kí ilẹ̀ tó mì.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Síbẹ̀, mi ò mọ ohun tí màá fi ṣe.

Lóru ọjọ́ kan, mo ti yí Màámi tán ní aago méjì, oorun sì ti dá lójú mi. Mo ṣí Bíbélì inú fóònù mi láìwá ibì kan pàtó, mo bá ara mi ní Sáàmù 134. Ẹsẹ mẹ́ta péré ni. Òun ló kẹ́yìn nínú àwọn orin 15 tí wọ́n ń pè ní orin ìgòkè, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti Sáàmù 120. Ó ń ké sí àwọn ìránṣẹ́ Olúwa tó ń dúró nínú ilé Olúwa ní òru. Ó ní kí wọ́n fi ìbùkún fún Olúwa, kí wọ́n gbé ọwọ́ wọn sókè sí ibi mímọ́. Ó wá súre fún wọn, ó parí.

Mo ti ka Sáàmù yìí àìmọye ìgbà, mi ò rí òru inú rẹ̀ rí. Nínú ìwé Kíróníkà Kìíní, orí 9, a rí àwọn tó ń sùn yí ilé Ọlọ́run ká torí pé àwọn ló ń ṣọ́ ọ, àti àwọn akọrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ìyẹn ni pé nígbà tí gbogbo èrò bá ti lọ sùn, àwọn kan wà tí kì í sùn, orin kan sì wà fún wọn. Orin òṣìṣẹ́ òru! Èmi tí mo ti ń rò pé ibi tí mo wà yìí jìnnà réré sí ibi ìjọsìn.

Gbígbé ọwọ́ sókè nìkan ni mi ò lè ṣe. Ọwọ́ mi kan máa ń wà lábẹ́ èjìká Màámi, èkejì lábẹ́ ìbàdí wọn. Mo pinnu pé ibi tí ọwọ́ náà bá dé, kó mọ síbẹ̀. Láti òru ọjọ́ kejì, tí aago bá ti dún, màá máa sọ ẹsẹ mẹ́ta yẹn bí mo ṣe ń yí wọn. Ẹsẹ kìíní fún gbígbé, ẹsẹ kejì fún yíyí, ẹsẹ kẹta, èyí tó jẹ́ ìbùkún, fún títo ìrọ̀rí. Kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan tó tàn sínú yàrá. Ẹ̀yìn mi ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ní bí ọ̀sẹ̀ kejì, mo ṣàkíyèsí pé tí aago bá dún, mi ò fi èébú jí mọ́. (Bẹ́ẹ̀ ni, èébú ni mo fi ń jí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti tọ́jú aláìsàn lóru rí kò ní bá mi jà.)

Nígbà tó yá ni mo kà pé àwọn mọ́ńkì tó ń tẹ̀ lé ìlànà tí Benedict ti Nursia kọ ní ọ̀rúndún kẹfà máa ń dìde lóru láti kọ Sáàmù, àti pé ìlànà náà ní kí wọ́n kọ gbogbo 150 tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn ní agogo, èmi ní fóònù.

Ìbéèrè tó wá ń jà lọ́kàn mi ni pé, kí ló dé tí ara fi ń tù mí? Iṣẹ́ kan náà ni, aago kan náà ni. Nínú Sáàmù 50 ni mo ti rí ìdáhùn, ibi tí mi ò retí rárá. Ọlọ́run ń bá àwọn tó ń rúbọ sí i wí níbẹ̀. Ó ní ká tilẹ̀ ní ebi ń pa òun, òun ò ní sọ fún wọn, torí òun ló ni ayé àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìbáwí ni mo máa ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré. Lóru yẹn, ìròyìn ayọ̀ ni.

Ẹ wò ó, gbogbo ẹni tó wà láyé mi lásìkò yẹn ló nílò nǹkan lọ́wọ́ mi. Màámi nílò ọwọ́ mi. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ nílò ìwé tí mi ò tíì parí. Àwọn àbúrò mi tó wà lọ́nà jíjìn nílò kí n máa sọ fún wọn lórí fóònù pé kò sí wàhálà. Kódà, àwọn tó ń wá kí wa nílò kí n tù wọ́n nínú kí wọ́n tó lọ, kí ojú tí wọ́n rí má baà gba oorun wọn. Ọlọ́run nìkan ni kò nílò mi. Ó fẹ́ mi, mo gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò nílò mi. Tí mo bá dúró níwájú rẹ̀ tí mo dákẹ́, kò sí ohun tó máa bàjẹ́. Tí ohùn mi bá há, ìtẹ́ rẹ̀ ò ní yẹ̀. Ibi kan ṣoṣo nìyẹn, nínú gbogbo ọjọ́ mi, tí nǹkan kan ò rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè rí wúruwùru létí àwọn kan. Wọ́n ti kọ́ wa pé Ọlọ́run ń dúró de ìyìn wa, pé inú rẹ̀ á bà jẹ́ tá a bá fà sẹ́yìn. Kí wọ́n máa mú un lọ bẹ́ẹ̀. Èmi ti gbé irú ìyìn yẹn fún ọdún mọ́kànlá, mo mọ bó ṣe wúwo tó.

Ìgbà yẹn ni Sáàmù 121 náà tó wọ̀ mí lára, èyí tó ní ẹni tó ń pa Ísírẹ́lì mọ́ kì í tòògbé, kì í sì í sùn. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: kì í ṣe aago nìkan ló ń gba oorun mi. Láàárín wákàtí méjì sí méjì yẹn, tó yẹ kí n fi sùn, ńṣe ni màá dùbúlẹ̀ tí màá lajú sílẹ̀, tí màá máa ka èémí Màámi láti inú yàrá kejì. Ó ti wọ̀ mí lórí pé tí mo bá sùn fọnfọn, wọ́n á kú. Àfi bí ẹni pé etí mi ló ń mí fún wọn. Ṣùgbọ́n tí olùṣọ́ kan ò bá ń sùn, kí ni èkejì jókòó tì í fún? Mo sọ Sáàmù náà tán, mo tan ara mi lẹ́ẹ̀kan pé mo gbà á gbọ́, mo yíjú sí ògiri. Mo sùn. Ní aago mẹ́rin, Màámi ṣì ń mí.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe jọra lẹ́nu wa, ìsìn àti ìsinmi. Mi ò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì o, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè kọ́ ni mí. Ó kàn ń dùn mọ́ mi létí ni.

Ara pàápàá ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń ṣàníyàn kì í mí dé ìsàlẹ̀. Orin ló sì máa ń fipá mú èèyàn mí dáadáa, torí o ò lè kọ ìlà gígùn kan láìkọ́kọ́ fa èémí sínú, kó o wá máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìlà náà á fi parí. Mímí síta lọ́ra bẹ́ẹ̀ sì máa ń mú kí ọkàn rọ̀, kó má lù kìkì mọ́. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Gothenburg ní Sweden gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn tó ń kọrin pọ̀. Wọ́n rí i pé bí orin ṣe ń darí èémí wọn, bẹ́ẹ̀ ni lílù ọkàn wọn ń yára, tó sì ń fà, pa pọ̀. Ìyẹn ò sọ orin di òògùn. Mo kàn rò pé ẹni tó dá èémí sínú wa kò ní bínú tí ìsinmi rẹ̀ bá gba ibẹ̀ kọjá.

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ayọ̀ ni mo ń fi ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn òru kan wà tí Sáàmù 134 ò lè jáde lẹ́nu mi, torí ìbùkún ló kún inú rẹ̀, ìbínú ló sì kún inú tèmi. Fún irú òru bẹ́ẹ̀, Sáàmù 88 wà. Ẹni tó kọ ọ́ ń ké pe Ọlọ́run láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí ìdáhùn kankan. Kò sí "ṣùgbọ́n" tó máa ń wá tún nǹkan ṣe níparí. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn rẹ̀ lédè Hébérù ni òkùnkùn. Ẹni yòówù tó fi í sáàárín orin ìjọsìn mọ irú ohun tó ń ṣe. Àwọn onímọ̀ sọ pé Sáàmù arò ló pọ̀ jù nínú 150 yẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ọdún mọ́kànlá tí mo fi dá orin, mi ò rántí ọjọ́ kan tí mo dá orin arò. A máa ń sáré kọjá ibẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà tí ajá wà. Àwọn àgbà ní bá a bá ń sunkún, à máa ríran. Sáàmù 88 ni ẹkún tí mo fi ń ríran.

Ní oṣù kẹsàn-án àìsàn náà, àbúrò mi obìnrin wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa, ó sì lé mi jáde lọ́jọ́ Àìkú pé kí n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Orin àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹnu mi ò ṣí. Ẹ ò rí i, láti orí ìjókòó akọrin, àṣìṣe àwọn èèyàn ni mo máa ń gbọ́: ẹni tó sáré ju ìlù lọ, ẹni tí ohùn rẹ̀ ń yẹ̀. Láti ẹ̀yìn, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ dà bí omi tó ń gbé nǹkan lọ. Wọ́n ń kọrin tí mi ò lè kọ, wọn ò sì mọ̀ pé wọ́n ń bá mi kọ ọ́. Mo jẹ́ kó gbé mi.

Lẹ́yìn náà, ìwàásù bẹ̀rẹ̀, mo sì sùn lọ. Oorun gidi o, orí mi wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láàárín oorun ni mo gbọ́ tí ẹnì kan, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń bójú tó ìjókòó, fẹ́ jí mi, tí ìyá àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ohun tó wá gbà ló ń gbà yẹn."

Nígbà tí mo jí, ìjọ ti túká. Ìyá yẹn ṣì jókòó síbẹ̀, wọ́n gbé báàgì wọn lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú." Wọ́n ní, "Ṣé ó tó ẹ?" Mo ní ó tó. Wọ́n dìde lọ. Títí dòní, ìwàásù yẹn ló dára jù nínú èyí tí wọ́n ti wàá fún mi. Ohun kan náà ni áńgẹ́lì ṣe fún Èlíjà nínú ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19, nígbà tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi tó ní kí ẹ̀mí òun kúkú bọ́. Kò bá a wí, kò ka ẹsẹ kankan fún un. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kó dìde jẹun. Nígbà tó tún dùbúlẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó sì padà wá jí i jẹun lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣì kù ogójì ọjọ́ kó tó gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn lórí òkè.

Òru kan ṣẹ́ kù tí mo fẹ́ sọ. Oṣù kọkànlá ni, aago méjì. Ọ̀fun ń dùn mí, mi ò lè sọ Sáàmù, mo bá ń kùn orin kan lábẹ́ ahọ́n bí mo ṣe ń to ìrọ̀rí. Màámi ló kọ́ mi ní orin yẹn nígbà tí mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin márùn-ún lọ. Mo dé ìlà kẹta, mo gbàgbé ohun tó kàn, mo dúró. Ìlà kẹta bá jáde láti orí ibùsùn.

Kì í ṣe ìkùnsínú o. Ọ̀rọ̀ ni, ó pé, ó já geere, pẹ̀lú ohùn Màámi tí mi ò ti gbọ́ fún oṣù mọ́kànlá. Mo dúró, ìrọ̀rí wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n kọ ìlà kẹrin. Mo ní, "Màámi?" Wọ́n wò mí, wọ́n ṣí ẹnu láti dáhùn, ọ̀rọ̀ ò jáde. Mo bá tún orin bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì bá mi kọ ọ́ dé òpin.

Kò ya dókítà lẹ́nu. Ó ṣàlàyé pé apá òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ sísọ pọ̀ sí nínú ọ̀pọ̀ èèyàn, ibẹ̀ sì ni àrùn ti kọ lu Màámi. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ń kó ipa ńlá nínú orin, ìyẹn ni àwọn kan tí ò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ṣì fi lè kọ orin tí wọ́n mọ̀ tọ̀rọ̀-tọ̀rọ̀. Láti àárín ọdún 1970 sí 1979 ni wọ́n ti ń fi orin kọ́ irú wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ padà. Àwọn ará ìjọ tí mo sọ fún ní ìyanu ni. Wọ́n fẹ́ kí n yan ọ̀kan nínú méjèèjì, mi ò yan ìkankan. Ohun tó ká mi lára ni pé gbogbo oṣù mọ́kànlá yẹn, orin wà nínú ìyá mi, wọn ò sì ní ẹni tó máa dá a.

Láti òru yẹn, àwa méjèèjì la jọ ń ṣe iṣẹ́ òru. Màá dá a, wọ́n á gbè é. Ọ̀rọ̀ lásán ò padà rí.

Màámi lọ ní oṣù kẹrìnlá, lọ́sàn-án, nígbà tí mo dìde lọ bu omi. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Lóru lẹ́yìn ìsìnkú, aago dún ní aago méjì torí mo ti gbàgbé láti pa á. Mo ti dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn kí n tó rántí. Wọ́n ti ká aṣọ orí rẹ̀ kúrò. Mo dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì ṣófo, mi ò mọ ohun tí màá fi wọ́n ṣe. Nígbà tó pẹ́, mo gbé wọn sókè, torí kò sí ohun tó tún wà lábẹ́ wọn. Mo sọ ẹsẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo padà lọ dùbúlẹ̀, ilẹ̀ sì ti mọ́ kedere kí n tó jí.